Ṣẹ́ẹ̀sì oníyára: ìdí tí wọ́n fi ń sáré níbẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì ń dúró láàárín

Ẹni tí kò mọ ṣẹ́ẹ̀sì dáadáa tó wá jókòó wo ìdíje oníyára lè rò pé ojú òun ló ń ṣe bàìbàì. Aago tó yẹ kó máa dín kù ń pọ̀ sí i: ìṣẹ́jú 15 ló wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ó ti di 16. Àwọn òǹtayò méjèèjì ti gbé ìgbésẹ̀ mẹ́wàá mẹ́wàá láìmí kanlẹ̀, wọn ò sì jẹ ju ọmọ-ogun kọ̀ọ̀kan lọ. Lójijì, ọ̀kan nínú wọn á fọwọ́ lérán, á wo ọpọ́n fún ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko, á wá sún ọmọ-ogun kékeré kan síwájú ní ojú kan péré. Àwọn tó ń ṣàlàyé eré á ní Funfun, ìyẹn ẹni tó ń ta ọmọ ayò funfun, ti ń ṣe dáadáa jù. Dáadáa níbo? Kò kúkú jẹ nǹkan kan!

Nǹkan méjì tó lọ́ mọ́ra ló ń dàrú mọ́ni lójú níbẹ̀, aago àti irú ìṣíde, ìyẹn ìgbésẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ eré, tí wọ́n yàn. Bí ìṣíde náà bá jẹ́ ti ọmọ-ogun iwájú ayaba, tí wọ́n ń kọ ní d4, ọ̀rọ̀ náà tún máa ń ṣókùnkùn sí i, torí pé irú eré bẹ́ẹ̀ kì í tètè pariwo. Lójú tèmi, eré àsápajúdé tí wọ́n ń sá níbẹ̀rẹ̀ yẹn kì í ṣe àìbìkítà rárá. Àkókò ni wọ́n ń tọ́jú de ibi tí wọn ò ti ní lè dá ohun tí wọ́n bá ṣe padà mọ́.

Aago tó ń gòkè

FIDE, àjọ tó ń ṣàkóso ṣẹ́ẹ̀sì lágbàáyé láti 1924, fi àkókò pín eré sí ọ̀nà mẹ́ta. Bí àkókò ẹnì kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ ìṣẹ́jú 10 tàbí tí kò tó bẹ́ẹ̀, eré mànàmáná nìyẹn. Bó bá tó 60 tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, eré onísùúrù ni, ọ̀pọ̀ wákàtí ló sì lè gbà. Ohun tó wà láàárín méjèèjì là ń pè ní oníyára. Nínú ìdíje oníyára tí wọ́n fi ń mọ aṣíwájú àgbáyé, ìṣẹ́jú 15 ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú èlé ìṣẹ́jú-àáyá 10 fún ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó bá gbé.

Èlé yìí ló ń mú aago gòkè. Ká ní òǹtayò kan lo ìṣẹ́jú-àáyá 3 péré lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan ìgbésẹ̀ mẹ́wàá àkọ́kọ́. 30 ló ná, 100 ni wọ́n fi kún un. Ó ti jèrè 70, aago rẹ̀ á sì máa fi ìṣẹ́jú 16 àti ìṣẹ́jú-àáyá 10 hàn. Aago ò bàjẹ́. Ó kàn jẹ́ pé ẹni náà ti mọ ohun tó fẹ́ ta kó tó jókòó ni.

Tí eré bá gba ìgbésẹ̀ 60 lọ́dọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú 25 ni gbogbo ohun tó ní láti lò: 15 tó bá wá àti 10 tí èlé kó jọ. Méjèèjì lápapọ̀ ò wá tó wákàtí kan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè ta eré mélòó kan lọ́jọ́ kan ṣoṣo, tí ẹni tó pàdánù láàárọ̀ á sì ti gbàgbé kó tó di ìrọ̀lẹ́.

Àwọn òfin kan wà tó yẹ kéèyàn mọ̀ kó tó máa wò. Ọmọ ayò tí o bá mọ̀ọ́mọ̀ fọwọ́ kàn, òun lo gbọ́dọ̀ ta. Ọwọ́ tó ta ayò náà ló gbọ́dọ̀ tẹ aago. Bí ẹnì kan bá gbé ìgbésẹ̀ tí òfin ò gbà, bí àpẹẹrẹ tó fi ọba rẹ̀ sílẹ̀ nínú ṣẹ́ẹ̀kì, ìyẹn níbi tí ọmọ ayò alátakò ti ń kọlu ọba, adájọ́ á fi ìṣẹ́jú méjì kún aago alátakò rẹ̀. Bó bá ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, ó pàdánù nìyẹn. Nínú eré onísùúrù, wọ́n gbọ́dọ̀ máa kọ gbogbo ìgbésẹ̀ sílẹ̀. Nínú oníyára, kò pọn dandan.

Ọmọ-ogun tí ayaba ń ṣọ́

Ojú 64 ló wà lórí ọpọ́n. Ìlà òòró mẹ́jọ ní lẹ́tà, láti a dé h. Ìlà ìbú mẹ́jọ ní nọ́ńbà, láti 1 dé 8. Ayaba Funfun wà ní d1, ọmọ-ogun iwájú rẹ̀ sì wà ní d2. Ìṣíde tí à ń sọ ò ju pé kí ọmọ-ogun yẹn rin ojú méjì lẹ́ẹ̀kan, kó dúró ní d4.

Orogún rẹ̀ ni e4, ti ọmọ-ogun iwájú ọba. Méjèèjì ló ń gba àyè láàárín ọpọ́n, méjèèjì ló ń ṣílẹ̀kùn fún bíṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà tó jọ pé kò tó nǹkan. Nígbà tí ọmọ-ogun bá dé e4, kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ. Alátakò lè kọlu òun gan-an lójú ẹsẹ̀, ìlà á sì tètè là dé ọ̀dọ̀ ọba. Ìjà lè ti bẹ́ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fi dé ìgbésẹ̀ karùn-ún. Ọmọ-ogun d4 ò rí bẹ́ẹ̀. Ayaba wà lẹ́yìn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sì rọrùn láti yọ ọ́ lẹ́nu. Nítorí náà ìjà máa ń pẹ́ kó tó dé, àwọn méjèèjì á kọ́kọ́ to ọmọ ayò wọn, ẹni tó ń wò á sì rò pé wọn ò ṣe nǹkan kan.

Ohun tó máa ń tẹ̀ lé d4 ni c4, ti ọmọ-ogun ìlà c (bí mo bá dárúkọ ojú tàbí ìlà lásán, ọmọ-ogun ni mò ń sọ). Bí Dúdú bá ti fi d5 dáhùn, ibi tí c4 yẹn dúró sí, Dúdú lè jẹ ẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ìdẹ ayaba lorúkọ rẹ̀, orúkọ náà sì bá a mu, torí kì í ṣe ẹbọ gidi. Ẹ jẹ́ ká wò ó. Dúdú jẹ c4. Funfun ta e3, bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ti ń wo ọmọ-ogun tó jẹun náà. Dúdú ò fẹ́ dá a padà, ó fi b5 gbè é lẹ́yìn. Funfun ta a4 láti já ìdí rẹ̀. Dúdú fi c6 ti b5 lẹ́yìn. Funfun fi a jẹ b5, Dúdú fi c jẹ ẹ́ padà. Ayaba Funfun wá gba e2 kọjá lọ sí f3, ibi tó ti ń wo gbogbo ọ̀nà láti f3 dé a8, níbi tí ilé-ìṣọ́ Dúdú jókòó sí. Kò sóhun kan láàárín wọn mọ́. Ohun yòówù kí Dúdú fi dínà, ẹṣin ni o tàbí bíṣọ́ọ̀bù, yóò lọ sí i. Ó fi odidi ọmọ ayò ńlá kan ra ọmọ-ogun tó ń ṣahun sí. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọ̀ta tó bá jẹ ìdẹ yìí kì í fi gbìyànjú láti dì í mú. Wọ́n á jẹ ẹ́, wọ́n á sì jẹ́ kí Funfun gbà á padà nígbà tí àwọn ń to ilé tiwọn.

Ṣùgbọ́n Funfun náà lè kó sí ọ̀fìn, èyí tí mo sì fẹ́ sọ yìí ni mo fẹ́ràn jù, torí ó fi hàn bí ìyára ṣe ń pani. Pàkúté erin ni wọ́n ń pè é. Funfun ta d4, Dúdú ta d5. Funfun c4, Dúdú e6. Ẹṣin Funfun bọ́ sí c3, ẹṣin Dúdú bọ́ sí f6. Bíṣọ́ọ̀bù Funfun lọ sí g5, ó sì de ẹṣin f6 mọ́lẹ̀, torí pé ayaba Dúdú wà lẹ́yìn rẹ̀ ní d8: bí ẹṣin bá kúrò, ayaba lọ nìyẹn. Dúdú gbé ẹṣin kejì sí d7. Funfun fi c jẹ d5, Dúdú fi e jẹ ẹ́ padà. Títí débí, gbogbo rẹ̀ ló bójú mu. Ẹni tó bá ti ń ta d4 fún ìgbà díẹ̀ lè ta á láìwo ọpọ́n.

Lójú Funfun, ọmọ-ogun d5 yẹn ti di tòun. Ẹṣin tó ń ṣọ́ ọ ti wà nínú ìdè. Ó fi ẹṣin c3 jẹ ẹ́. Ni Dúdú bá fi ẹṣin f6 tí wọ́n ní ó wà nínú ìdè jẹ ẹṣin náà, ó sì fi ayaba sílẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù Funfun jẹ ayaba ní d8. Kó tó dùn mọ́ ọn tán, bíṣọ́ọ̀bù Dúdú ti jáde láti f8 dé b4: ṣẹ́ẹ̀kì! Ọba Funfun ò ríbi sá sí, nítorí àwọn èèyàn tirẹ̀ ti yí i ká. Ohun kan ṣoṣo tó lè bọ́ sáàárín ni ayaba rẹ̀, ní d2, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti jẹ ẹ́. Ọba Funfun jẹ bíṣọ́ọ̀bù tó jẹ ayaba, ọba Dúdú jẹ bíṣọ́ọ̀bù tó wà ní d8. Ẹ kà á: ayaba kan lọ lọ́tùn-ún, ọ̀kan lọ lósì, bíṣọ́ọ̀bù kan lọ́dọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ohun tó kù nínú ìṣirò ni pé Dúdú fi ọmọ-ogun kan gba odidi ẹṣin.

Nínú eré onísùúrù, kí ọwọ́ Funfun tó kan ẹṣin c3, á ti bi ara rẹ̀ pé kí ló dé tí Dúdú fi fi ọmọ-ogun sílẹ̀ báyìí. Ìbéèrè yẹn ò gbà ju ìṣẹ́jú kan. Nínú oníyára, ọwọ́ ti ń lọ fúnra rẹ̀ láti ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́, ó sì máa ń ṣòro láti dá a dúró ní ìkẹfà.

Kí ló fa ìdúró gígùn yẹn?

Gbogbo ọmọ ayò yòókù ló lè padà sẹ́yìn. Ẹṣin tó bá ṣìnà lè yí padà, bíṣọ́ọ̀bù lè padà sílé, ayaba lè sá. Ọmọ-ogun nìkan ni kì í padà. Bí o bá ti sún un, kò lè ṣọ́ àwọn ojú tó ń ṣọ́ tẹ́lẹ̀ mọ́, títí eré á fi parí. Nínú eré d4, tí àárín ọpọ́n sábà máa ń dí, ètò àwọn ọmọ-ogun ló ń sọ ibi tí ìjà máa ti wáyé. Nítorí náà, nígbà tí òǹtayò bá fi ìṣẹ́jú mẹ́rin wo ọpọ́n, tó sì wá sún ọmọ-ogun kan péré, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìpinnu tó tóbi jù nínú eré náà lẹ rí yẹn.

Àpẹẹrẹ tó wọ́pọ̀ jù ni èyí tí Funfun ti tètè fi c jẹ d5, tí Dúdú fi e jẹ ẹ́ padà, láìsí pàkúté kankan. Wọ́n á to ilé: bíṣọ́ọ̀bù, ẹṣin, ọba á sá lọ sí ẹ̀gbẹ́, ilé-ìṣọ́ á sì fò ó kọjá. Dúdú á fi c6 ti d5 lẹ́yìn. Ẹ wá ka àwọn ọmọ-ogun tó wà ní apá ayaba. Funfun ní méjì, a àti b. Dúdú ní mẹ́ta, a, b àti c. Ohun tí Funfun sì fẹ́ ṣe ni pé kó fi méjì tirẹ̀ kọlu mẹ́ta yẹn. Ó á gbé ilé-ìṣọ́ sí b1, á ta b4, á sì sún un dé b5.

Mo mọ̀ pé kò bọ́gbọ́n mu létí. Kí ni méjì fẹ́ fi mẹ́ta ṣe? Kò fẹ́ jẹ wọ́n tán. Ohun tó ń wá ni pé kí ọ̀kan ṣẹ́kù tí kò ní aládùúgbò. Bí Funfun bá fi b5 jẹ c6, tí Dúdú fi b jẹ ẹ́ padà, ọmọ-ogun c6 ti dá wà: kò sí ọmọ-ogun kankan ní b tàbí ní d tó lè ṣọ́ ọ láti ẹ̀yìn. Ìlà c sì ti là sílẹ̀ fún Funfun láti ìgbà tó ti yọ ọmọ-ogun c tirẹ̀ kúrò. Ayaba àti ilé-ìṣọ́ méjèèjì á to ara wọn sórí ìlà yẹn, wọ́n á máa wo c6. Ẹṣin àti bíṣọ́ọ̀bù Dúdú tí ì bá jáde lọ jà á wá di ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ọmọ-ogun kan ṣoṣo.

Ó lè di ìgbésẹ̀ 30 kí ọmọ-ogun yẹn tó ṣubú, ó sì lè má ṣubú láéláé. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn aláàlàyé ń rí nìyẹn nígbà tí wọ́n bá ní Funfun ń ṣe dáadáa, tí àwa sì ń wò pé kò tíì jẹ nǹkan kan.

Dúdú náà ò jókòó lásán. Ó ní ibi méjì tó lè lọ. Ó lè dúró dáàbò bo apá ayaba, kó ta a5, kó máa dí Funfun lọ́nà. Tàbí kó fi ibẹ̀ sílẹ̀ pátápátá, kó gbé ẹṣin sí e4, kó kó gbogbo ohun tó ní kọjú sí ọba Funfun, kó sì gbàdúrà pé òun á débẹ̀ kí c6 tó wó. Kò lè ṣe méjèèjì. Èyí gan-an ló ń mú kó gbá orí mú. Funfun ò ní láti ronú púpọ̀ ní àkókò yẹn, nítorí ó ti mọ ibi tó ń lọ láti ilé. Dúdú ló ní ìbéèrè lọ́wọ́, aago Dúdú ló sì ń lọ. Bó bá fi ìṣẹ́jú mẹ́fà dáhùn ìbéèrè yìí, ìdáhùn náà lè dára gan-an, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú mẹ́fà yẹn ni ì bá lò ní ìgbésẹ̀ 35 tí ọba méjèèjì ti wà ní gbangba.

Ohun tí d4 ń ṣe nínú eré oníyára nìyẹn. Ó ń béèrè ìbéèrè tó nílò sùúrù lọ́wọ́ ẹni tí kò ní àkókò.

Ẹ fi wé ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí àkókò wà. Ní 1927, ní Buenos Aires, Alexander Alekhine gba ipò aṣíwájú àgbáyé lọ́wọ́ José Raúl Capablanca, ọmọ Kúbà. Eré 34 ni wọ́n ta, 32 nínú rẹ̀ ló gba ọ̀nà ìdẹ ayaba tí Dúdú kọ̀ láti jẹ. 25 ló parí sí ọ̀mì. Àwọn méjèèjì mọ ìbéèrè náà, wọ́n sì ní wákàtí tó pọ̀ láti dáhùn. Ní 2018, ní Lọ́ńdọ̀nù, Magnus Carlsen ará Nọ́wè àti Fabiano Caruana ará Amẹ́ríkà ta eré onísùúrù 12 fún ipò kan náà, gbogbo rẹ̀ pátá ló jẹ́ ọ̀mì. Wọ́n bá lọ sí oníyára, ìṣẹ́jú 25 pẹ̀lú èlé 10. Carlsen na Caruana lẹ́ẹ̀mẹ́ta léraléra lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Àwọn èèyàn kan náà ni o; àkókò ló yí padà.

Àwọn ọ̀nà míì tí ẹ máa rí

Kì í ṣe gbogbo eré d4 ló ń gba c4. Àwọn kan wà tí wọ́n á ta d4, wọ́n á gbé bíṣọ́ọ̀bù sí f4, e3 àti c3 á tẹ̀ lé e, ẹṣin á bọ́ sí f3, ohun yòówù kí Dúdú máa ṣe. Ètò Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ń pè é. Àwọn kan ń fojú ọ̀lẹ wo ẹni tó ń ta á. Èmi ò gbà. Ẹni tó bá lè dé ìgbésẹ̀ kẹjọ láìná àkókò, tí ọba rẹ̀ sì wà láìléwu, ó ti ṣe ohun tí ìdíje oníyára ń fẹ́. Kódà nínú eré onísùúrù, Ding Liren ará Ṣáínà lò ó ní 2023, ní Astana, nínú eré kẹfà ìdíje ipò aṣíwájú àgbáyé, ó sì fi na Ian Nepomniachtchi.

Ẹ tún máa rí Dúdú tí kò ní ta d5 rárá. Ẹṣin rẹ̀ á bọ́ sí f6, á ta g6, á fi bíṣọ́ọ̀bù pamọ́ sí g7, á sì jẹ́ kí Funfun gba gbogbo àárín ọpọ́n. Ó jọ ìjọ̀wọ́-ara-ẹni. Lẹ́yìn náà lá wá fi e5 tàbí c5 lu àárín náà. Ibí yìí, ọ̀rọ̀ aago lè yí dà: ẹni tó ní ilẹ̀ púpọ̀ ní ìpinnu púpọ̀ láti ṣe, Funfun ló sì lè wá máa gbá orí mú.

Nígbà tí èèyàn bá wá ku ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan, èlé 10 nìkan ló ń fi gbé ẹ̀mí ró. Á máa ta, á máa tẹ aago, á tún ta. Ọ̀ta tó mọ ohun gbogbo á fi ilé-ìṣọ́ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ níbẹ̀. Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́, gbogbo wọn ló ti ṣe é rí.

Bí aago ẹnì kan bá sì dé òdo, ó pàdánù, bó ti wù kí ohun tó ní lórí ọpọ́n pọ̀ tó. Àyàfi ìgbà kan: bí ohun tó kù lọ́wọ́ alátakò rẹ̀ ò bá lè pa ọba lọ́nàkọnà, bí àpẹẹrẹ tó bá jẹ́ ọba nìkan ló kù sí i lọ́wọ́, ọ̀mì ni. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ẹni tó ní ayaba àti ilé-ìṣọ́, tó ku díẹ̀ kó pa ọba tó dá wà, tí aago rẹ̀ wá tán, tí wọ́n sì fún àwọn méjèèjì ní ìdajì ìdajì máàkì, adájọ́ ò ṣojúsàájú.